Àdìjátù àti Ìwé Tí Kò Padà sí Ìsẹ́yìn

Ọdún kan náà ni wọ́n gbé èmi àti Àdìjátù wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, ọdún 1972. Èmi ń kọ́ kíláàsì kejì, òun ń kọ́ ìkẹrin, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì wà láàárín wa. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, kíláàsì mi máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ, nítorí kò mọ bí a ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojú kíkorò tí àwọn ọmọ ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí, wọn kò bí i mọ́ ọn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Oko bàbá rẹ̀ wà ní apá ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí odò Ògùn ti ń la ọ̀dàn kọjá. Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ̀ ń hun òfì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà, ó lè jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí gbólóhùn mẹ́ta má jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta kò tó Àdìjátù. Ọ̀rọ̀ máa ń kún inú rẹ̀, ẹni méjì tí ó sì ń bá sọ ọ́ kò gbé nítòsí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́: Àsíátù tí wọ́n gbé lọ sí Kíṣí, àti Abíọ́nà tí wọ́n gbé lọ sí Ìgbẹ́tì.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà wa láyé ìgbà náà á mọ̀ pé Kíṣí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sáré dé. Èèyàn á gba Ṣakí, á gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, á gba Ìgbòho, gbogbo ara á pọ́n fún eruku. Nígbà òjò, ọjọ́ kan kì í tó. Lẹ́tà tí a bá fi sí pósọ́fíìsì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà. Nítorí náà ni Àsíátù fi dá ọgbọ́n kan. Ó ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́rin, ó kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí lóṣù náà sínú rẹ̀, ó sì fi rán Sàlàkọ́, awakọ̀ akẹ́rù tí ń kó iṣu láti apá ọ̀hún wá sí Ìsẹ́yìn. Sàlàkọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Abíọ́nà ní Ìgbẹ́tì. Abíọ́nà fèsì sí etí ìwé, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ìwé dé Ìsẹ́yìn. Àdìjátù ṣe bákan náà, ìwé sì padà sí Kíṣí. Bí ọ̀kan bá kún, ẹni tí ó kún mọ́ lọ́wọ́ á fi pamọ́, á ra òmíràn. Alárìnkiri ni wọ́n ń pe ìwé náà. Bírò pupa ni Àsíátù fi ń kọ tirẹ̀, bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé.

Kò sí ohun tí wọn kì í kọ. Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, Àdìjátù á jókòó tì mí, á máa kà á sókè. Mo mọ ìyá ọkọ Àsíátù bí ẹni mọ ará ilé ẹni, bẹ́ẹ̀ n kò dé Kíṣí rí. Mo mọ̀ pé ó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ kó tó lọ sóko. Mo mọ̀ pé Abíọ́nà kò fẹ́ràn òkúta Ìgbẹ́tì, pé ó ní bí wọ́n bá ń fọ́ ọ, eruku rẹ̀ máa ń funfun lórí aṣọ tí òun sá. Mo mọ èyí tí ìyá Abíọ́nà fúnra rẹ̀ kò mọ̀, pé oyún ti bọ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ẹ̀kẹta bọ́, Àsíátù kò kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó kàn kọ ọ́ sí etí ibẹ̀ pé, "Mo rí i. Mo jókòó tì ọ́." Àdìjátù fi ìwé náà hàn mí, ó ní, "Ṣé o rí bí èèyàn ṣe ń ṣe é?"

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fojú kan ara wọn, nígbà ọlidé oṣù Kejìlá, Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì ń pàdé, nítorí Oríyanrìn.

Nínú oko bàbá Àdìjátù, odò Ògùn pín sí méjì, ó sì dá ilẹ̀ kan sí láàárín. Nígbà òjò, omi a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, tí odò fà sẹ́yìn, yanrìn á yọ, yóò mọ́ bí iyọ̀, yóò tẹ́ lọ bí ẹni tẹ́ aṣọ. Èèyàn á ká aṣọ dé orúnkún, á wọ́dò dé ibẹ̀. Erékùṣù kékeré ni, bí èèyàn bá dúró ní etí kan, ó lè bá ẹni tí ó wà ní etí kejì sọ̀rọ̀ láì pariwo. Kò sí ẹni tí ó mọyì rẹ̀ àfi àwọn apẹja àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á sùn sí ahéré bàbá Àdìjátù, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á rékọjá, wọ́n á sun iṣu àti ẹja, wọ́n á wá ka ìwé ọdún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, wọ́n á máa jà sí ohun tí wọ́n kọ. Mo bá wọn lọ lọ́dún kan. Abíọ́nà nìkan ló ti rí òkun nínú wọn, nígbà tí ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó. Mo bi í pé èwo ló dára jù. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú yanrìn, ó ní, "Òkun ń pariwo mọ́ èèyàn. Èyí ń gbọ́ tẹni."

Orí yanrìn yẹn ni Àyìnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àdìjátù bí, ti kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ rìn, ní ìparí ọdún 1975. Àsíátù ló na ọwọ́ sí i, ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó fìdí jókòó, ó bu yanrìn sẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni àwa náà ti gbàgbé orúkọ Àdìjátù. Ìyá Àyìnkẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, láti orí hẹ́dímásítà dé orí ẹni tí ń ta ẹ̀kọ fún wa.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ibà mú Àyìnkẹ́. Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀, ọmọ náà sì béèrè fún ẹ̀kọ. Ní Ọjọ́bọ̀, gìrì gbé e, kí wọ́n tó kírun Àsárì ó ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ààbọ̀. Wọ́n sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Àwa obìnrin jókòó tì í. Ẹni tó bá wọlé á wí ohun tí wọ́n máa ń wí fún ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Èmi náà wí i. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé orí sókè, ó wo ìyá àgbà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wí i tán, ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé omi ni?" Ìyá náà dìde, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ti yí i lórí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tí ń pè é ní Ìyá Àyìnkẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é, a kì í fẹ́ fi orúkọ olóògbé gún ìyá rẹ̀ lára. "Tíṣà" ni gbogbo ènìyàn padà sí. Èmi náà pè é ní Tíṣà, lójú ara rẹ̀. Ó kàn wò mí.

Ọlidé ńlá ni, kò sí ọmọ ní ilé ìwé. Ó gbé Alárìnkiri lọ sí kíláàsì rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ̀wé níbẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Ewé mọ́kànlá ni ó kọ, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fún mi ní ojú ewé kan kà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sin ọmọ òun: àwọn ọkùnrin fi ṣọ́bìrì sin ín, àwọn obìnrin sì fi ẹnu sin ín. Ojú tì mí, mo dá a padà fún un. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sàlàkọ́ gba ìwé náà, ó sì gbé e lọ sí Kíṣí.

Bí nǹkan ṣe máa ń rí, láàárín oṣù kan, ìwé á ti yí ká. Oṣù Kẹsàn-án parí, kò dé. A padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù Kẹwàá parí. Nígbàkígbà tí lọ́rì Sàlàkọ́ bá wọ gáréèjì, Àdìjátù á ti dúró síbẹ̀. Mo bá a lọ ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá. Sàlàkọ́ wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń tú nǹkan, kò sì jáde wá kí wa bí í ti máa ń ṣe.

"Sàlàkọ́, ṣé o fi ìwé yẹn jíṣẹ́?" ni Àdìjátù bi í.

"Mo fi lé Tíṣà Àsíátù fúnra wọn lọ́wọ́, mà."

"Kí ló wá sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà ní sùúrù, Tíṣà. Ẹ ní sùúrù."

Nígbà tí à ń bọ̀, Àdìjátù ní, "O rí i pé kò lè wò mí lójú? Wọ́n ti sọ fún un pé kó má gbà á lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n ti sá fún mi. Ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í ní ọ̀rẹ́." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ni mo mọ̀.

Ní oṣù Kejìlá, ó lọ sí Oríyanrìn ní òun nìkan. Ó lo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Bàbá rẹ̀ ní ó kàn jókòó, ó kọjú sí ọ̀nà oko, bí ewé bá ti mì á dìde. Nígbà tí ó dé, kò sọ̀rọ̀ wọn mọ́, mo sì rò pé ó ti gbé e kúrò lọ́kàn. Kò gbé e kúrò. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, ó gbé lẹ́tà kan wá bá mi ní kíláàsì, ó ní kí n kà á. Àsíátù ló kọ ọ́ sí.

Mo kà á. Ó ní Àsíátù tí ó bí mẹ́rin tí ọ̀kankan kò kú rí, kí ló mọ̀? Ó ní nígbà tí ó dùn, wọ́n ń jẹ ẹja ní oko bàbá òun, nígbà tí ó korò, wọ́n di odi. Ìparí rẹ̀ ni kò tíì kúrò lójú mi títí dòní: "Mo gbà á ládùúrà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí ẹni tí yóò dúró tì ọ́ lọ́jọ́ tìrẹ."

"Sùn lé e," ni mo wí fún un. "Jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́."

"Oṣù márùn-ún ni ilẹ̀ ti ń mọ́," ni ó wí. Kò fún Sàlàkọ́. Ó ra sítáǹbù, ó fi í sí pósọ́fíìsì fúnra rẹ̀.

Èsì dé ní ìparí oṣù Kejì. Ràmọ́nì, ọkọ Àsíátù, ló kọ ọ́. Ó kúrú, mo sì rántí gbogbo rẹ̀, nítorí èmi ni mo kà á sókè nígbà tí Àdìjátù kò lè kà á ju ìlà kejì lọ.

"Tíṣà Àdìjátù. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi. Ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí ti kú láti oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ọjọ́ tó ka ìwé yín tán, ló ní òun ń lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo ní kó jẹ́ kí òjò dá, ó ní ojú òun ò lè gbà á. Ọkọ̀ tó wọ̀ takìtì sínú odò kan kó tó dé Ìgbòho. Ẹ ti gbàdúrà pé kó má rí ẹni dúró tì í. Kò rí ẹnì kankan lóòótọ́, nítorí kí wọ́n tó fà á jáde, ẹ̀mí ti bọ́. Àwọn ọmọ kò tíì lè kàwé dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Èmi, Ràmọ́nì."

Àdìjátù kò sunkún. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó wọ kíláàsì rẹ̀ lọ, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí agogo fi lù. Ìgbà tí àwọn ọmọ lọ tán ni mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn pátákó tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi.

Ó ní òun ń lọ sí Ìgbẹ́tì. Mo gbààyè lọ́wọ́ hẹ́dímásítà, mo bá a lọ, nítorí ohun tí ó lè ṣe ń bà mí lẹ́rù. A sùn ní Ṣakí, a sì dé Ìgbẹ́tì ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ilé Abíọ́nà wà ní ẹsẹ̀ òkè. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fún ọmọ jòjòló kan lọ́mú. Nígbà tí ó rí wa, ó fẹ́ dìde.

"Jókòó," ni Àdìjátù wí. "Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà wo lo mọ̀ pé Àsíátù kú?"

Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ọjọ́ kẹta."

"O sì mọ ibi tó ń lọ?"

"Mo mọ̀. Sàlàkọ́ gbé ìwé wá fún mi lọ́jọ́ náà gan-an tí Àsíátù wọkọ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú rẹ̀."

"Sàlàkọ́ mọ̀."

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Mo ní a kì í gbé òkú lé òkú lórí fún èèyàn. Mo ní tó bá pẹ́ díẹ̀, èmi fúnra mi á wá sọ ọ́. Àdìjátù, mo rò pé yóò pa ọ́."

"O ò wá."

"Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi. O mọ̀ pé mẹ́ta ti bọ́. Ìyá ọkọ mi ní aboyún kì í wọ ilé tí ọmọdé ti kú. Wọ́n ní bí mo bá jáde nílé, kí n má padà."

"Kí n má baà kó ikú ràn ọ́."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Ó sì ti dára, o ti bímọ. Ìwé dà?"

Mo rí i tí Abíọ́nà yíjú sí inú ilé, bí ẹni tí ń wò ó bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Wọ́n sun ún," ni ó wí. "Ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní ìwé tí òkú méjì wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá aboyún gbé inú yàrá kan."

"O dúró, o ń wò wọ́n."

"Mo dúró, mo ń wò wọ́n."

Ọmọ náà ti sùn. Eṣinṣin kan bà lé e lójú, Abíọ́nà lé e. Ohùn Àdìjátù lọ sílẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí mo ní láti sún mọ́ ọn.

"Kí ni Àsíátù kọ?"

"Ó gùn. Ó tó ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ní etí ibi tí o ti kọ pé wọ́n fi ẹnu sin ọmọ rẹ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ìyá Àyìnkẹ́, mò ń bọ̀.' Èyí tó kù… mi ò rántí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kà á. Mi ò mọ̀ pé n kò ní rí i mọ́."

"O ń sọ ọ́ láti fi tù mí nínú ni."

"Mo fi ọmọ yìí búra."

"Má fi ọmọ búra. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Abíọ́nà wo ilẹ̀. "Àsíátù."

Àdìjátù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. "Ẹ sun ìwé rẹ̀, ẹ gba orúkọ rẹ̀," ni ó wí. Ó dìde. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà, kò ṣe àdúrà fún un, kò mu omi tí wọ́n bù fún wa.

Ọkọ̀ tí a wọ̀ padà dúró ní Kíṣí láti kó èrò. Mo ní, "Ṣé ká sọ̀ kalẹ̀, ká lọ bẹ Ràmọ́nì? Mo lè wọlé ṣáájú." Ó gbé orí lé pákó ọkọ̀, ó dijú. Ọkọ̀ dúró tó wákàtí kan gbáko, ilé tí a ń wá kò ju ìdajì máìlì lọ, a kò sì lọ. Nígbà tí ó dé ilé, ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Ràmọ́nì. Ó kọ ìkejì. Mẹ́rin ni ó kọ ní ọdún náà. Ràmọ́nì kò fèsì sí ọ̀kankan, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Àwọn ìwé Alárìnkiri àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ Àdìjátù, mẹ́rin ni. Mo rò pé yóò máa kà wọ́n. Ó ní òun kò lè kà wọ́n, nítorí ibi tí òun bá ṣí, bírò pupa ni òun ń kọ́kọ́ rí. Sàlàkọ́ wá bẹ̀ ẹ́ nílé, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Àdìjátù ní kó dìde, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ṣùgbọ́n kò bá a da nǹkan pọ̀ mọ́, bí ó bá sì ń kọjá ní gáréèjì, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń gbà.

Oríyanrìn ni ó kù fún un. Ní gbogbo ọyẹ́, ó máa ń lọ. Mo bi í ohun tí ó ń lọ wò níbẹ̀, ó ní ibẹ̀ nìkan ni òun ti lè pariwo orúkọ ọmọ òun kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí òun fara balẹ̀. Kò pẹ́ ni àwọn awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan èèkàn káàkiri oko. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ sé odò, kí omi ẹ̀rọ lè wà, kí àgbẹ̀ lè máa gbin nǹkan lẹ́ẹ̀rùn. Katakata tẹ̀lé wọn. Wọ́n kó bàbá Àdìjátù kúrò ní oko rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ olókùúta kan, bàbá náà kò sì lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sé omi tán, odò kò fà sẹ́yìn mọ́. Ọyẹ́ dé, omi ń pọ̀ sí i. Ahéré lọ, igi ẹ̀mì tí ó wà létí odò lọ, Oríyanrìn lọ. Àdìjátù lọ lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé ní ọjọ́ náà, ó ní, "Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n ní ibojì kan."

Ọ̀ṣẹ́nì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn nígbà náà, Mọ́ládé, ọmọ Ìgbòho, ó sì bí ọkùnrin méjì. Àdìjátù kò bá a jà. Kò tún lóyún mọ́.

Ní ọlidé oṣù Kejìlá ọdún 1987, Abíọ́nà wá. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ó kàn yọ sí wa pẹ̀lú àpò kan àti ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà. Àdìjátù gbà wọ́n sílé, ó se oúnjẹ fún wọn, ó tẹ́ ẹní fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, Abíọ́nà ní òun fẹ́ rí Oríyanrìn.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," ni Àdìjátù wí.

"Jẹ́ ká ṣáà lọ wo omi náà."

A lọ, àwa obìnrin mẹ́ta àti ọmọ náà. Omi tẹ́ lọ títí ojú fi kọ̀, ó dúdú, kò ṣàn. Àwọn igi tí ó ti kú yọrí láàárín rẹ̀. Etí ibi tí a dúró sí, ẹrẹ̀ ni, kò sí yanrìn tí ó kún ọwọ́. Ọmọ náà ń sọ òkúta sómi, ó ń ka iye ìgbà tí ó ń ta. Àdìjátù ń wò ó. Kò tíì pe orúkọ rẹ̀ láti àná. "Ọmọ yìí" ni ó ń pè é.

Abíọ́nà kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà. "Àdìjátù, mo wá tọrọ àforíjì. Kò sí ọjọ́ tí mi ò rò ó. Bó bá jẹ́ pé mo wá nígbà náà, o kì bá tí kọ lẹ́tà yẹn."

"Dìde, aṣọ rẹ ń bàjẹ́."

"Mi ò ní dìde àfi tí o bá dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́," ni Àdìjátù wí. "Mò ń kírun, mi ò sì lè máa kírun kí n di ẹnìkan sínú. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo ní sí ọ ti tán. Mo wá a, mi ò rí i. Bí mo bá sọ pé ó wà, irọ́ ni mo ń pa fún ọ, a ò sì parọ́ fún ara wa rí nínú ìwé yẹn."

Èmi ni mo fa Abíọ́nà dìde. A rìn padà sílé, ọmọ náà ń sáré níwájú wa, ó ń béèrè ìbéèrè, èmi ni mo ń dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àdìjátù sin wọ́n dé gáréèjì. Ó gbé àpò náà lórí fúnra rẹ̀, ó bá wọn wá ibi tí ó dára jókòó sí, ó ra àkàrà lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọkọ̀ ṣí, kò dúró juwọ́.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí lẹ́tà tó dé láti Ìgbẹ́tì, wọ́n sì fi í jíṣẹ́ fún mi ní ilé ìwé. Mo gbé e fún un. Ó wo àdírẹ́sì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó sì yí padà sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣí ìwé kíkà sí ojú ewé kejìlélógún. N kò mọ̀ bóyá ó kà á. Kò fèsì.